Nọ́ńbà Tó Kù Lára Sípánà

Nọ́ọ̀tì náà kò tóbi ju ìdérí ìgò lọ. Inú ọ̀rá ló wà lórí tábìlì ọ̀gá tuntun, gíríìsì ṣì wà lára rẹ̀, ó sì ń dán torí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n yọ ọ́ nínú páálí. Òun ló tú kúrò lábẹ́ ọkọ̀ asáré àtijọ́ kan, onílẹ̀kùn méjì, ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí ìdí ọkọ̀ náà fi gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ, tí gbogbo rẹ̀ sì kó sí kòtò. Àgbà mekáníìkì tó ń wà á wò, ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bàbá, ti di èrò ọsibítù. Itan rẹ̀ dá.

"Ọ̀rọ̀ yìí ò gùn rárá," ni ọ̀gá tuntun wí. "Ọmọbìnrin tó ṣiṣẹ́ náà ni kò fún nọ́ọ̀tì. Ó wà níbí lọ́dọ̀ wa. Ẹ kàn bá mi kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa mà, ká lè gbé e lọ sí kóòtù láàárọ̀ ọ̀la."

Ẹ kàn bá mi kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí gbogbo àgọ́ ọlọ́pàá ń pè ní Jẹ́jẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó gbé e mì. Ṣé òun náà ni wọ́n ń ní kó kọ nǹkan sílẹ̀? Òun ló kọ́ ọmọkùnrin yìí bí wọ́n ṣe ń bi ènìyàn léèrè ọ̀rọ̀. Òun ló bá a tún ìwé àkọ́kọ́ tó kọ ṣe, torí pé orúkọ ẹni tí wọ́n jà lólè ló kọ síbi tó yẹ kó kọ ti olè. Ọdún kọkànlá rèé. Nígbà tí wọ́n wá ń wá ẹni tí wọ́n máa gbé sínú yàrá onífèrèsé méjì yìí, Jẹ́jẹ́ ti wọn ojú fèrèsé méjèèjì fún kọ́tìnnì. Ọmọ tó kọ́ ni wọ́n mú. Láti ọjọ́ náà, kò pè é ní ọ̀gá rí. Tó bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ènìyàn, "ẹni yẹn" ló ń pè é.

Ó ń jowú, ó sì mọ̀. Àpòòwé kan wà nínú báàgì rẹ̀ tó fi ẹ̀rí gbè é. Ọjọ́ Ajé ni òṣìṣẹ́ kan gbé e dé láti olú-ilé-iṣẹ́, tó ní kó bá òun fi lé ọ̀gá tuntun lọ́wọ́: wọ́n ń pè é fún ẹ̀kọ́ ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà, èsì rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ dé kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Jẹ́jẹ́ kò jí i. Kò fà á ya. Ó kàn ń gbé e kiri ni, òní sì ti di Ọjọ́bọ̀.

"Mo gbọ́," ló wí. Ó mú ọ̀rá náà, ó jáde.

*

Ọmọbìnrin tó wà nínú yàrá ìbéèrè kò ju ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n lọ. Ó kó ọwọ́ méjèèjì lé orí tábìlì bí ẹni pé kì í ṣe tirẹ̀. Èékánná rẹ̀ dúdú fún gíríìsì.

"Wọ́n ní Oníwèé ni wọ́n ń pè ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù."

"Ẹ̀gbọ́n Ṣọ́ọ̀bù ló sọ mí bẹ́ẹ̀ mà. Òun ni àgbà wa lẹ́yìn Bàbá. Ó ní mi ò lè ṣí bónẹ́ẹ̀tì láìkàwé."

"Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni mà. Ohun tí mi ò bá mọ̀, mo máa ń kà á ni."

Jẹ́jẹ́ fa àga jókòó. "Ṣàlàyé ọkọ̀ yẹn fún mi. Sọ ọ́ bí ìgbà tí o bá ń sọ ọ́ fún ìyá rẹ."

"Ìyá mi á kọ́kọ́ ní kí n lọ fọ ọwọ́ mi mà." Ẹ̀rín fẹ́ wá sí i lẹ́nu, ó padà. "Ọkọ̀ tó kù, ẹsẹ̀ iwájú nìkan ló ń yí tí ènìyàn bá yí sitiárì. Èyí yàtọ̀. Tí iwájú bá yí, ẹ̀yìn náà máa yí díẹ̀, kó lè gba kọ́nà láì yọ̀. Ọ̀pá méjì ló ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yẹn, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ti inú ọkọ̀ yìí ti jẹ tán. Tí ẹ bá ń wà á, á máa jùdí kiri. Bàbá wá ní ká yọ gbogbo rẹ̀. Òróró ló ń ti èyí tó wà tẹ́lẹ̀. Tuntun tá a rà, iná ló ń lò. Èmi ni Bàbá ní kí n ṣe é."

"Nọ́ọ̀tì yìí ńkọ́?"

"Òun ló di ọ̀pá ti òsì mú mọ́ ẹsẹ̀. Mo fún un mà. Mo fi sípánà onínọ́ńbà fún un. Mo gbé e sí ọgọ́ta, ó sì dún kẹ́, bó ṣe máa ń dún tí nọ́ọ̀tì bá ti le tó iye tí ènìyàn gbé e sí."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ ọgọ́ta?"

"Bẹ́ẹ̀ ni ìwé inú páálí wí."

Jẹ́jẹ́ kò gbé ojú sókè. "Sípánà náà wà lọ́wọ́ wa. Ogójì ló wà lára rẹ̀."

Ọmọbìnrin náà fa ọwọ́ kúrò lórí tábìlì. "Kò lè rí bẹ́ẹ̀ mà. Kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án. Ní ṣọ́ọ̀bù wa, ẹni tó bá fún nọ́ọ̀tì ìkẹyìn kì í dá sípánà padà sí òdo. Bó ṣe wà náà ló máa gbé e kọ́ sára ìṣó ẹnu ọ̀nà, pẹ̀lú nọ́ńbà tó fi ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ló máa wà títí ọkọ̀ á fi lọ tí á fi bọ̀. Bàbá ní sípánà ni ẹlẹ́rìí wa."

"Ẹlẹ́rìí rẹ ti ń jẹ́rìí takò ọ́ nìyẹn."

Omi lé ròrò sójú Oníwèé. "Tí kóòtù bá dá mi lẹ́bi, ẹgbẹ́ mekáníìkì máa gba ìwé ẹ̀rí mi. Kò sẹ́ni tó máa gbé ọkọ̀ fún mi mọ́. Mi ò mọ iṣẹ́ mìíràn mà. Kí wọ́n tiẹ̀ gbà á, ṣé Bàbá náà gbà pé èmi ni mo ṣe òun léṣe?"

Jẹ́jẹ́ fún un ní áńkáṣíìfù, ó dúró kó nu ojú tán. "Lẹ́yìn tí o fún nọ́ọ̀tì, kí lo tún ṣe? Má fi ohunkóhun sílẹ̀, kódà kó jẹ́ ohun yẹpẹrẹ."

"Mo dá táyà padà. Kò sí bí ọwọ́ ṣe lè dé nọ́ọ̀tì yẹn láì yọ táyà. Mo fún táyà náà, ọgọ́rùn-ún ni tiẹ̀. Mo wá dá sípánà padà sí ọgọ́ta, torí nọ́ọ̀tì ọ̀pá ni Bàbá máa bi mí. Mo gbé e kọ́. Agogo méjìlá ti kọjá díẹ̀. Mo lọ sílé lọ wẹ̀, kí n lè mọ́ nígbà tí Bàbá bá ń gbé ọkọ̀ jáde." Ó ronú. "Ẹ̀n-ẹ́n, mo tún fi ẹfun sàmì. Kí n tó yọ táyà, mo máa ń fa ìlà kékeré sẹ́yìn rẹ̀, kí n fa òmíràn sára irin tó gbé e, kó lè jẹ́ pé ojú ibi tó wà ló máa padà sí. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

*

Ẹ̀yìn àgọ́ ọlọ́pàá ni wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà sí. Ọ̀dà aláwọ̀ ọsàn ni, ó rẹwà títí kan ibi tó ti wó. Dẹ́rẹ́bà àgọ́, tó ti ṣe vọ́kanáísà kó tó di ọlọ́pàá, yá sípánà onínọ́ńbà kan wá, ó sì gbé e sí ọgọ́rùn-ún.

"Ẹ gbọ́ o," ló wí. Ó tẹ nọ́ọ̀tì táyà òsì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Márààrún dún kẹ́, kò sí èyí tó yí. Nígbà tó wá ń tú wọn, bákan náà ni gbogbo wọn ṣe ké. "Ẹni tó fún èyí mọ iṣẹ́. Ẹni tó bá fi agbára lásán fún un, ọ̀kan á le, èkejì á dẹ̀."

Wọ́n kọ́kọ́ yọ ti ọ̀tún. Ìlà ẹfun ẹ̀yìn táyà àti ìlà ara irin kọjú síra wọn bó ṣe yẹ. Wọ́n wá yọ ti òsì. Ìlà kan wà lókè, èkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà nísàlẹ̀.

Jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀ wò ó títí ẹ̀yìn fi ń dùn ún. Ẹnì kan ti yọ táyà yìí lẹ́yìn Oníwèé. Ẹni náà tú nọ́ọ̀tì ọ̀pá, ó wá dá táyà padà, kò mọ̀ pé àmì wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì fún márààrún dọ́gba bí ẹni tó fẹ́ gbé ọmọ ara rẹ̀ sínú ọkọ̀ náà. Ọ̀tá wo ló ń tú nǹkan kan, tó tún ń fún nǹkan tó kù dáadáa?

"Bóyá ọwọ́ rẹ̀ ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ tí kò dáa ni," ni dẹ́rẹ́bà wí.

Jẹ́jẹ́ kọ ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀.

*

Aládùúgbò ṣọ́ọ̀bù kan ti sọ pé òun rí àbúrò olówó ọkọ̀ ní ẹnu géètì lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Olówó ọkọ̀ jẹ́ dókítà eléyín tó ti fẹ̀yìn tì, ó sì wà ní ìrìn àjò. Àbúrò rẹ̀ jẹ́ àgbàlagbà ọkùnrin onírùngbọ̀n funfun. Nínú pálọ̀ rẹ̀, fọ́tò ọkọ̀ náà wà lára ògiri, ó tóbi ju fọ́tò ìyàwó rẹ̀ lọ.

"Ẹ fẹ́ràn ọkọ̀ yẹn o," ni Jẹ́jẹ́ wí.

"Bàbá wa ló ni ín. Èmi ni mo máa ń fọ̀ ọ́ fún un láràárọ̀. Nígbà tó máa kú, ẹ̀gbọ́n mi ló kó kọ́kọ́rọ́ fún. Ó ní èmi máa ń sáré jù." Ó fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí mo ti ń wò ó lójú. Tí ẹ bá ní ṣé mò ń jowú, bẹ́ẹ̀ ni, mò ń jowú."

"Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun."

"Mo gbọ́ pé ó ti parí. Mo ní kí n lọ jókòó nínú rẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n mi tó dé. Kí n kàn jókòó ni o. Agogo kan kù díẹ̀. Mo dé ibẹ̀, ọkọ̀ wà lórí jáàkì, táyà ẹ̀yìn kan wà nílẹ̀. Mo ní áà, wọn ò tíì ṣe tán. Inú bí mi, mo padà sílé."

Jẹ́jẹ́ dá bíírò dúró. Agogo kan kù díẹ̀, Oníwèé ti wà nílé tó ń wẹ̀. "Táyà wo?"

"Ti òsì."

"Ta lẹ rí níbẹ̀?"

"N ò rí ẹnì kankan. Ẹnì kan ń súfèé nínú yàrá irin-iṣẹ́, mo sì rọra yọ́ jáde kó má baà bi mí pé kí ni mo wá ṣe."

"Ṣé ẹ̀yin mọ bí wọ́n ṣe ń fún táyà?"

"Èmi?" Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì korò. "Ẹ bi ìyàwó mi ta ló ń ṣí ìgò fún mi. Ìdí tí bàbá mi fi gbé ọkọ̀ fún ẹlòmíràn gan-an nìyẹn."

Ó ṣeé ṣe kó máa parọ́. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì márùn-ún tó dún kẹ́ lójú kan náà kì í parọ́ fún ẹnikẹ́ni, Jẹ́jẹ́ sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé.

Ènìyàn mẹ́ta péré ló ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù náà. Bàbá kò ní tú ọkọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ wà. Oníwèé ń wẹ̀. Ẹnì kan ló kù, ẹni náà sì ti sọ fún ọlọ́pàá pé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ lòun wà. Jẹ́jẹ́ ti mọ ẹni tó súfèé, àmọ́ kò tíì ní ohun tó lè gbé síwájú adájọ́. Ogójì yẹn sì ń yọ ọ́ lẹ́nu. Òdo ì bá yé e. Ọgọ́rùn-ún ì bá yé e pẹ̀lú. Ibo ni ogójì ti wá?

*

Ní ọsibítù, wọ́n ti so ẹsẹ̀ Bàbá mekáníìkì kọ́ sókè. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ojú rẹ̀ sì mọ́.

"Ẹ tú ọmọ yẹn sílẹ̀," ló kọ́kọ́ wí. "Mo kọjá níwájú sípánà nígbà tó jáde lọ wẹ̀, tí èmi náà ń lọ jẹun. Ọgọ́ta ni mo rí. Mo sì wo ìwé inú páálí, ọgọ́ta náà ni."

"Ẹ ò tún wò ó kí ẹ tó gbé ọkọ̀ jáde?"

"Kí ni mo tún fẹ́ wò?"

"Bàbá, ta ló ṣiṣẹ́ lára ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ yìí gbẹ̀yìn, kí Oníwèé tó yọ ọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n Ṣọ́ọ̀bù ni. Ọdún kẹrìnlá rèé. Ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀." Ó wo Jẹ́jẹ́, ó wo àjà, ó ń rò ó. Nígbà tó tún máa sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kọ́ ló sọ. "Tí ẹ bá dé ọ̀hún, ẹ ní kó bá mi ṣí dúrọ́ọ̀ tábìlì mi. Ọjọ́ Ẹtì ni mo fẹ́ ṣí i fún àwọn méjèèjì tẹ́lẹ̀."

Ó ṣàlàyé ohun tó wà nínú rẹ̀. Nígbà tó ṣàlàyé tán, Jẹ́jẹ́ kò lè wò ó lójú.

*

Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù náà mọ́ ju ti ilé ìdáná ẹlòmíràn lọ. Wọ́n to irin-iṣẹ́ sára ògiri láti kékeré dé ńlá. Ẹ̀gbọ́n Ṣọ́ọ̀bù, ọkùnrin gbọọrọ kan tí irun iwájú rẹ̀ ti ń fò lọ, ń nu sípánà tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́," ni Jẹ́jẹ́ wí. "Mi ò ní pẹ́ rárá. Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́ mi."

"Ẹ káàbọ̀ mà. Báwo ni Bàbá?"

"Ó ti ń sọ̀rọ̀."

Ọwọ́ tó ń nu irin dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀. "A dúpẹ́."

"Wọ́n ní iṣẹ́ Oníwèé dára, kí èyí tó ṣẹlẹ̀."

"Ẹni yẹn?" Ó fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu sọ ọ́. "Ẹni yẹn ń gbìyànjú."

Ọ̀rọ̀ náà dún ní etí Jẹ́jẹ́ bí ẹni pé ẹnu òun fúnra rẹ̀ ló ti jáde. Ó mọ ohùn yẹn. Àánú ọkùnrin náà ṣe é, inú sì bí i pé àánú rẹ̀ ń ṣe é.

"Ká ní ẹ̀yin ni wọ́n gbé iṣẹ́ ọkọ̀ yẹn fún," ló wí.

"Èmi ló yẹ kí wọ́n gbé e fún."

"Ìdí tí mo fi wá bá yín nìyẹn. Nọ́ọ̀tì ọ̀pá ẹ̀yìn, iye wo lẹ máa fi fún un?"

"Ogójì." Kò tiẹ̀ ronú. "Ẹ jí mi lójú oorun, ogójì ni. N ò ní kàwé kankan."

"Òun náà ńkọ́? Iye wo lẹ rò pé ó fi sí?"

"Ogójì náà kẹ̀. Ṣebí ó wà lára sípánà, ẹ wò ó. Ó kàn gbé nọ́ńbà síbẹ̀ ni, kò fi kan nọ́ọ̀tì."

"Ẹ wo sípánà náà lọ́jọ́ yẹn?"

"Ibẹ̀ ló kọ́ sí. Ṣé mi ò lójú ni?"

Jẹ́jẹ́ ṣí báàgì. Ọwọ́ rẹ̀ kan àpòòwé olú-ilé-iṣẹ́ kó tó kan ohun tó ń wá, ó sì yára tì í sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó fa ìwé pélébé kan jáde, èyí tó ti inú páálí tuntun wá, tí àmì ìka gíríìsì Oníwèé wà ní igun rẹ̀. "Ẹ bá mi ka ìlà kẹta."

Ó wọ dígí ojú. Ó kà á sínú. Ó tún un kà. Jẹ́jẹ́ rí i kedere pé ìgbà àkọ́kọ́ rèé tó máa rí ìwé náà, bó tilẹ̀ ti wà lórí tábìlì iṣẹ́ níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin.

"Ọgọ́ta," ló wí, bí ẹni tó ń bèèrè.

"Ti àtijọ́ ló jẹ́ ogójì. Ọ̀pá tuntun nípọn jù ú lọ. Oníwèé ò mọ ogójì rí, kò sí níbi tó ti kà á. Nígbà tó gbé sípánà kọ́, ọgọ́ta ló wà, Bàbá fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ẹnì kan mú un lára ìṣó lẹ́yìn náà, ó fi fún táyà òsì padà ní ọgọ́rùn-ún, torí ọwọ́ rẹ̀ kò lè fi táyà sílẹ̀ láì fún un dáadáa. Nígbà tó wá fẹ́ dá nọ́ńbà padà, kò wo èyí tí ọmọ yẹn fi síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kí ló fẹ́ wò? Ó dá a lójú pé òun mọ̀ ọ́n."

Ẹ̀gbọ́n Ṣọ́ọ̀bù jókòó lórí táyà kan. Ó yọ dígí ojú, ó dì í mú.

"Mi ò fẹ́ pa ẹnikẹ́ni," ló wí. "Mi ò yọ nọ́ọ̀tì náà, mo tú u dé ẹnu, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni. Mo rò pé inú àgbàlá níbí ló ti máa mì. Ọdún méjìlélógún tí mo ti wà lọ́dọ̀ Bàbá, kì í gbé ọkọ̀ sójú títì kó tó fi yí àgbàlá ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Tó bá ti mì, á ní, 'Ẹ̀gbọ́n, wá bá wa wò ó.' Ohun tí mo fẹ́ kò ju ìyẹn lọ. Kó pè mí." Ó wo ọ̀nà géètì. "Lọ́jọ́ yẹn, kò yí àgbàlá ká rárá. Ó ní iṣẹ́ ọmọ náà dá òun lójú. Ó gba géètì jáde, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo sáré tẹ̀ lé e, mò ń pariwo. Kò gbọ́. Kò fọkàn tán iṣẹ́ tèmi báyẹn rí, mà. Kò ṣe é rí."

Jẹ́jẹ́ gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi í padà sínú báàgì.

"Bàbá ti mọ̀?" ni Ẹ̀gbọ́n Ṣọ́ọ̀bù béèrè. "Kí ló wí?"

"Ó ní kí ẹ bá òun ṣí dúrọ́ọ̀ tábìlì òun."

Ó dìde bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù lé lórí. Dúrọ́ọ̀ náà le díẹ̀ kó tó ṣí. Ìdì kọ́kọ́rọ́ kan wà nínú rẹ̀: ti géètì, ti yàrá irin-iṣẹ́, ti ilẹ̀kùn iwájú. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé gbogbo wọn ni. Bàbá fi okùn so ìwé kékeré kan mọ́ wọn, ó sì fi lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà kọ ọ́ síbẹ̀: Ti Ẹ̀gbọ́n.

"Oníwèé máa lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní ìparí oṣù," ni Jẹ́jẹ́ wí jẹ́jẹ́. "Bàbá ní ká jẹ́ kó ṣe iṣẹ́ ńlá kan tí á fi han àwọn ènìyàn níbẹ̀. Ibí yìí, ẹ̀yin ló ni ín."

Ẹ̀gbọ́n Ṣọ́ọ̀bù kò fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ náà. Ó rọra ti dúrọ́ọ̀ padà, ó sì fi àkísà nu ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti kan igi, ó nù ún, ó tún nù ún, títí Jẹ́jẹ́ fi dì í lápá mú.

*

Oníwèé ń wọ bàtà rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà àgọ́ nígbà tí Jẹ́jẹ́ kọjá. Ó dìde, ó fẹ́ kúnlẹ̀, Jẹ́jẹ́ gbé e dìde.

"Bàbá ń retí rẹ ní ọsibítù. Má fọ ọwọ́ rẹ kó o tó lọ."

Ọ̀gá tuntun ti ka ìwé náà tán nígbà tó wọlé. "Mà, ẹ ò ṣe é tì," ló wí, inú rẹ̀ sì dùn tọkàntọkàn. "Èmi ì bá ti gbé ọmọ ọlọ́mọ lọ sí kóòtù. Báwo lẹ ṣe tètè fura sí ọkùnrin yẹn?"

Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń gba ojú fèrèsé méjèèjì wọlé, kò sì tíì sí kọ́tìnnì níbẹ̀. Jẹ́jẹ́ ṣí báàgì, ó gbé àpòòwé náà sórí tábìlì, níbi tí nọ́ọ̀tì wà láàárọ̀. Igun rẹ̀ kan ti ká.

"Tiyín ni. Wọ́n fẹ́ èsì kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọ̀la."

Ọ̀gá tuntun ṣí i, ó kà á, ojú rẹ̀ tàn. Lẹ́yìn náà ló wo déètì orí rẹ̀, ó sì wo igun tó ká. "Ìgbà wo ló dé, mà?"

Ó rọrùn láti sọ pé òní ni. Kò sí ìlà ẹfun kankan lẹ́yìn àpòòwé, kò sì sẹ́ni tó máa wò ó.

"Ọjọ́ Ajé ló dé, ọ̀gá," ni Jẹ́jẹ́ wí. "Èmi ni mo gbé e pamọ́."